Báwo ni kí a ṣe kọ líǹkì inú ímeèlì ẹgbẹ́ kí akanda ẹ̀dá lè lò ó?

Akọ̀wé Àjẹṣẹ́kù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ fífi ìròyìn oṣooṣù ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù wa ránṣẹ́ lórí ímeèlì. Fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó, àkọsílẹ̀ ìpàdé àti ìṣirò owó máa ń wà níbẹ̀, "Tẹ ibí" ni wọ́n sì ti ń kọ sórí líǹkì gbogbo wọn tipẹ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí kò ríran ní àwọn kì í mọ èyí tí àwọn ń ṣí. Ṣé kí n kúkú lẹ àdírẹ́sì náà gan-an síbẹ̀ ni?

Etí Ni Mo Fi Ń Kà:
Ẹ kú iṣẹ́, akọ̀wé. Èmi náà kò ríran, NVDA ló sì ń ka ojú kọ̀ǹpútà fún mi. Bí mo bá ṣí ímeèlì nínú bùráúsà, n kì í fi gbogbo ìgbà gbọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo lè tẹ Insert pọ̀ mọ́ F7, kí gbogbo líǹkì inú rẹ̀ tò síwájú mi láìsí gbólóhùn tó yí wọn ká. Nígbà náà ni yóò wá máa pe "Tẹ ibí, Tẹ ibí, Tẹ ibí" sí mi létí, bí ẹni tó ń polówó tí kò dárúkọ ọjà.

"Tẹ ibí láti gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó" sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Nínú àtòjọ yẹn, bí mo bá tẹ F, orí líǹkì tó fi F bẹ̀rẹ̀ ni yóò gbé mi lọ. Bí T bá wá bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn, ọgbọ́n yẹn ti wọmi nìyẹn. Ẹ kọ "Fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó oṣù Kẹsàn-án", ó parí. Ẹ má lẹ àdírẹ́sì gbọọrọ o, nítorí lẹ́tà, nọ́ńbà àti àmì ni yóò máa tò sí wa létí. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni kọ̀ǹpútà tèmi fi ń ka Yorùbá, ìyà yẹn nìkan ti tó wa.

Oníṣẹ́ Wẹ́ẹ̀bù:
Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Àmọ́ ti àìríran nìkan kọ́. Ẹ fa ìlà sí ìdí líǹkì, nítorí pé ẹni tí kò dá àwọ̀ mọ̀ dáadáa lè má mọ̀ pé líǹkì ni bí ó bá jẹ́ àwọ̀ nìkan ni ẹ fi yà á sọ́tọ̀. Nítorí àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, WCAG 2.2, ìlànà àgbáyé lórí bí akanda ẹ̀dá ṣe lè lo wẹ́ẹ̀bù, tó jáde ní 2023, ní kí bọ́tìnì má kéré sí píksẹ́ẹ̀lì 24 níbùú àti lóòró, àyàfi bí àyè bá wà dáadáa láàárín òun àti èyí tó tẹ̀ lé e. Èmi a máa lo 44. Bí bọ́tìnì bá sì jẹ́ àwòrán, ẹ kọ ọ̀rọ̀ arọ́pò (alt text), ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń dúró fún àwòrán, sí i, nítorí pé ọ̀pọ̀ ímeèlì ni kì í fi àwòrán hàn títí ẹni tó gbà á yóò fi gbà á láyè.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀yin ọmọ mi, gbájúẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí n kò bá rí àdírẹ́sì, n kì í tẹ̀ ẹ́.

Etí Ni Mo Fi Ń Kà:
Ẹ̀rù yín tọ́, mà, ṣùgbọ́n gbájúẹ̀ lè kọ àdírẹ́sì báńkì síta kí ó fi tirẹ̀ sábẹ́. Akọ̀wé, ẹ kọ àdírẹ́sì kúkúrú ti ẹgbẹ́ sí ìsàlẹ̀ ímeèlì, kí ẹni tí ara bá ń fu lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sínú bùráúsà.