Ṣé irin sheet pile lè wọ ilẹ̀ Abẹ́òkúta?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹsẹ̀ òkè ni ilẹ̀ mi wà ní Ìbarà. Ilẹ̀ aládùúgbò mi fi ẹsẹ̀ bàtà 10 ga ju tèmi lọ. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí mo fi dá a dúró lọ́dún tó kọjá kọ́kọ́ yọkùn, ó là, òjò ọ̀sẹ̀ tó lọ sì wó o lu ilé adìẹ mi. Ọmọ àbúrò mi tó ń gbé ní Lẹ́kí ní kí n lọ fi sheet pile ṣe é, irin tó ń kọ́ ara wọn létí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbá wọlẹ̀. Ṣé kí n ṣe é?

Ẹnjiníà Láfẹ́nwá:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Olúwa á dá a padà. Irin yẹn dára, ilẹ̀ rírọ̀ ló wà fún. Bí kò bá sí ohun tó fà á mú lẹ́yìn, èyí tó wọlẹ̀ ló ń gbé èyí tó yọ síta ró. Kó tó di ẹsẹ̀ 10 mú, ẹsẹ̀ 10 mìíràn, ó kéré tán, ti wọlẹ̀. Iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni tiwọn ní Lẹ́kí. Àwa ńkọ́, tí a ń gbé orí òkúta? Ojú mi ni wọ́n ṣe gbá irin kan létí odò Ògùn. Kò tíì wọ ẹsẹ̀ 4 tó fi bá àpáta pàdé. Ẹ̀rọ ń lù ú ṣáá, ẹnu irin náà sì ká wọnú bí ewé gbígbẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n dá ihò sí ara ògiri tó wó yẹn?

Ìyá Ìbejì:
Kò sí ihò kankan, sà.

Ẹnjiníà Láfẹ́nwá:
Áà! Omi ló wó o nìyẹn. Bí omi bá kún ẹ̀yìn ògiri ẹsẹ̀ 10, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3 ló fi ń ti mítà kan níbùú lóròó nísàlẹ̀, ká má tíì ka ti ilẹ̀. Búlọ́ọ̀kù lásán ò lè gbà á. Àpótí wáyà tí wọ́n ń to òkúta sí ni mo bá yín fẹ́, omi á máa gba àárín rẹ̀ kọjá. Kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ 6, kí ẹ sì ta aṣọ asẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí omi má bàa fọ ilẹ̀ jáde. Bí ilé aládùúgbò bá sún mọ́ etí, ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà wá wò ó kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Bíríkìlà Ìjàyè:
Màmá, ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ ihò mẹ́ta síbẹ̀. Bí dígà bá ń dún kéń, ẹ ti débi tí ìpìlẹ̀ á jókòó sí.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè lọ wò ó: gọ́tà òrùlé aládùúgbò mi ń da omi tààrà sí ẹ̀yìn ibi tí ògiri wà. Ó ti gbà láti yí i sójú títì. Sátidé la ó gbẹ́ ihò.