Ṣé ìdápadà ọ̀daràn ni, àbí ìfafurasílélọ́wọ́?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú ìwé ọ̀rọ̀ tí à ń ṣe fún àwọn ògbufọ̀, ẹ̀gbọ́n wa dábàá "ìdápadà ọ̀daràn" fún "extradition", ìyẹn kí ìjọba kan fa ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lé ìjọba mìíràn lọ́wọ́. Mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Bí ẹ bá sọ ní Ìtòkú pé wọ́n fẹ́ dá Gary McKinnon padà sí Amẹ́ríkà, wọ́n á bi yín pé ìgbà wo ló ti ibẹ̀ wá. Kò ti ibẹ̀ wá. Lọ́ńdọ̀nù ló wà tí wọ́n ní ó wọ kọ̀ǹpútà 97 ti àwọn ológun Amẹ́ríkà àti NASA, àjọ òfuurufú wọn, láìgbàṣẹ ní 2001 sí 2002.

Ẹ̀gbọ́n ní òfin Nàìjíríà ti 1966 lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀daràn tó sá. Òótọ́ ni, àmọ́ ìtumọ̀ tí òfin ọ̀hún fún un kó ẹni tí wọ́n kàn fẹ̀sùn kàn mọ́ ọn. Ògbufọ̀ tó bá pe olùjẹ́jọ́ ní ọ̀daràn ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ l'Abẹ́òkúta ti dá a lẹ́bi kí adájọ́ tó lanu.

Ìfafurasílélọ́wọ́ ni tèmi. Owó là ń fi léni lọ́wọ́, èèyàn là ń fà léni lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe ń fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Ó gùn, àmọ́ ẹnu mọ̀ ọ́n.

Èyí tó ká mi lára jù ni "ìnira" tí ẹ̀gbọ́n lò fún "oppressive" ní abala 91 nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2003 lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Abala yẹn ò jẹ́ kí wọ́n fa èèyàn lé ìjọba mìíràn lọ́wọ́ bí ìlera ara tàbí ọpọlọ rẹ̀ bá máa sọ ọ́ di àìṣòdodo tàbí *ìnilára*. Ìnira ń bẹ fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá mú kúrò nílé, ẹjọ́ Gomes tí wọ́n dá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2009 sì ti là á pé ìyẹn nìkan ò tó. Nínú ẹjọ́ Lauri Love, tí Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan náà kàn pé ó wọ kọ̀ǹpútà wọn, tó ní ọ̀tísíìmù (autism) àti ìsoríkọ́, àwọn adájọ́ rí i ní oṣù kejì 2018 pé ohun tí ọgbà ẹ̀wọ̀n máa ṣe kó má baà pa ara rẹ̀ gan-an ló máa dá kún àìsàn rẹ̀. Ìṣọ́ tó jẹ́ ìnira fún ẹlòmíràn, ìnilára ni fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "àrùn ọ̀tísíìmù" mọ́. Ọ̀tísíìmù tó; bí wọ́n ṣe bí èèyàn ni.

Ẹ fi èyí náà sínú ìwé àwọn ògbufọ̀: kí wọ́n má bi afurasí tó ní ọ̀tísíìmù pé "ṣé ọwọ́ yín mọ́?" Ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bó ṣe rí lè wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kó ní "rárá". "Ṣé ẹ wọ kọ̀ǹpútà náà?" ni kí wọ́n bi í.