Oníbàárà mi ní kí n yọ gbogbo àmì kúrò lórí orúkọ ọjà: kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Yábàá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kíákíá, torí lọ́la ni mo máa sọdá afárá lọ sí Balógun lọ bá ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi.

Àlàájà kan ni, aṣọ òkè ló ń tà, ó sì ti pẹ́ nídìí ẹ̀ gan-an. Èmi ni mò ń bá a ṣe ìkànnì tó máa fi tajà fáwọn èèyàn òkè òkun. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ náà ni pé Yorùbá gidi ni mo fi kọ orúkọ ọjà: ẹtù, sányán, àlàárì, àrán, ìborùn, tàmì-tàmì. Odindi òru mẹ́ta ni mo fi tẹ àmì sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí níṣẹ́ ẹ̀ o.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e sókè, Àlàájà pè mí láago méje àárọ̀. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí òun tán. "Ta ló ní kó o máa fi pọ́n-ùn ta ọjà mi?" Mo ní, "Pọ́n-ùn kẹ̀, mà?" Ó ya ojú fóònù ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Níbi tí mo kọ "Aṣọ" sí, "Aá¹£á»" ló wà níbẹ̀, àmì pọ́n-ùn sì dúró gbọnin láàárín ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Ìlà kan péré ni mo gbàgbé lórí ojú ewé yẹn, meta charset="utf-8", èyí tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa ka lẹ́tà mi, ni browser (app tí a fi ń wo ìkànnì) bá ń fi ojú mìíràn kà á. Ìyẹn ti tán.

Èyí tó kù nìyí. Font, ìyẹn irú lẹ́tà, tí mo fi kọ àkọlé, ẹ àti ọ inú ẹ̀ ò bá àwọn yòókù mu rárá, bí ẹni tó wọ bàtà pupa sẹ́sẹ̀ kan, dúdú sí ìkejì. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ṣ dára ní tiẹ̀. Ìkejì: Àlàájà tẹ "ẹtù" láti wá ọjà, ìkànnì ní kò sí. Èmi tẹ ẹ́ lórí laptop mi, ó jáde. Ọmọ ẹ̀ tẹ "etu", kò sí. Ni Àlàájà bá ní, "Yọ gbogbo àmì yẹn dànù. Ta ló ń fi àmì kọ̀wé lórí fóònù?"

Ṣé kí n yọ ọ́? Ó ń dùn mí o.

Bọ̀dá Súrùlérè

Yọ ọ́ jàre. Iṣẹ́ tí wọ́n sanwó ẹ̀ ni kó o ṣe. "E kaaro" la fi ń kíra wa ní WhatsApp lójoojúmọ́, a sì ń gbọ́ ara wa.

Ọmọ Yábàá

Ẹ̀gbọ́n, Àlàájà ń ta àrán. Tí mo bá yọ àmì, "aran" ló ń tà yẹn. Ta ló máa fi dọ́là ra aràn?

Bọ̀dá Súrùlérè

Ó dáa, mo gbà fún ẹ.

Ìyá Ìbejì, Ṣómólú

Àbúrò, má yọ àmì kankan. Ohun tí èèyàn fojú rí lọ́tọ̀, ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń wá nǹkan lọ́tọ̀. Ìwọ lo so méjèèjì pọ̀.

Ìdí tí fóònù Àlàájà ò fi rí ẹtù ni pé ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà kọ ẹ. Ó lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, tí nọ́ńbà ẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà ń jẹ́ U+1EB9. Ó sì lè jẹ́ e lásán, tí àmì ìsàlẹ̀, U+0323, wá tẹ̀ lé e. Lójú àwa èèyàn, ìkan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, Táíwò àti Kẹ́hìndé ni: wọ́n jọra, àmọ́ ẹni méjì ni wọ́n. (Mo bí wọn, mo mọ ohun tí mò ń sọ.) Kíìbọ́ọ̀dù tìẹ ń kọ ọ̀kan, ti Àlàájà ń kọ ìkejì. Ohunkóhun tó bá ń wọlé, fi normalize('NFC'), tó ń pa lẹ́tà àti àmì ẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, fọ̀ ọ́ kó tó dé database, ibi tí ìkànnì ń kó ọjà pamọ́ sí. Látọdún 2015 ló ti wà nínú JavaScript, èdè tí wọ́n fi ń kọ ìkànnì, o ò nílò library (kóòdù àyálò) kankan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ṣí column (òpó) kejì sínú database, èyí tí oníbàárà ò ní rí láéláé. Orúkọ ọjà náà ni wàá kó síbẹ̀, àmọ́ bọ́ ọ láṣọ:

s.normalize('NFD').replace(/[\u0300-\u036f]/g, '').toLowerCase()

NFD á ya àmì kúrò lára lẹ́tà, replace á gbá a dànù. Ohun tí èèyàn bá tẹ̀, bọ́ òun náà láṣọ bẹ́ẹ̀ kó o tó wá a. Ẹni tó kọ etu, ẹni tó kọ ẹtu, ẹni tó kọ ẹtù, gbogbo wọn á débẹ̀. Àmì á wà lójú ewé, Àlàájà á sì rí ọjà ẹ̀ tà.

Ayàwòrán Ọbáléńdé

Ti font lèmi mọ̀. Font tó bá gbọ́ èdè Vietnam ni kó o wá. Mi ò ṣàwàdà o. Àwọn ará Vietnam náà ń kọ ẹ àti ọ, nítorí náà tó o bá lọ sí Google Fonts, abẹ́ ìpín tí wọ́n pè ní vietnamese ni wọ́n kó méjèèjì sí. Font tí kò bá ní ìpín yẹn, browser á lọ yá ẹ àti ọ lọ́dọ̀ font mìíràn. Ibi tí bàtà pupa ẹ ti wá nìyẹn. Ní ti ṣ, Vietnam ò ní in, inú latin-ext ló wà, ìyẹn ló ṣe dára. Noto Sans ní ìpín méjèèjì.

Èmi, kí n tó gba font kankan láyè, mo máa ń kọ "ọ̀pọ̀lọ́" àti "ṣọ́ọ̀ṣì" sínú ẹ̀ ná. Kó o sì wo line-height (gíga ìlà) àkọlé ẹ. Tó bá jẹ́ 1, tí overflow (ohun tó bá yọ síta) sì jẹ́ hidden, ó máa gé àmì ìsàlẹ̀ jẹ. Gbé e sókè sí 1.4.

Ọmọ Yábàá

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ń ṣe é báyìí. Nǹkan kan ṣì kù: tí Àlàájà bá fọwọ́ kan àpótí tí wọ́n fi ń wá ọjà lórí iPhone ẹ̀, ojú ewé á kàn fò sókè, á tóbi gbàngbà. Mo ní kó lo Chrome dípò Safari, bákan náà ni.

Ẹlẹ́rọ Èbúté Mẹ́ta

Ará ilé kan náà ni wọ́n. Chrome orí iPhone, WebKit, ẹ̀ńjìnnì tó ń gbé ojú ewé jáde nínú Safari, ló wà nínú ẹ̀, aṣọ lásán ló pààrọ̀. 2024 ni Apple ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà fún àwọn ará European Union pé kí browser mìíràn gbé ẹ̀ńjìnnì tiẹ̀ wá, Balógun ò sì sí ní Yúróòpù. Font-size (ìtóbi lẹ́tà) àpótí yẹn ló kéré sí 16px. Sọ ọ́ di 16, á dúró jẹ́ẹ́.

Tó bá tún jẹ́ pé o ń fi slice, àṣẹ JavaScript tó ń gé ọ̀rọ̀, gé orúkọ ọjà tó bá gùn, jáwọ́ níbẹ̀. Ẹ́ ò ní lẹ́tà àdáni, méjì ló ń jẹ́ lójú JavaScript, kódà lẹ́yìn NFC. Wàá gé àmì orí kúrò lára ẹni tó ni ín. Lo Intl.Segmenter, tó mọ̀ pé lẹ́tà àti àmì ẹ̀ ò gbọdọ̀ pínyà. Firefox ló pẹ́ kó tó gbà á, ní version 125, 2024 náà ni, àmọ́ gbogbo wọn ló ti ní in báyìí.

Ọmọ Yábàá

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé láti Balógun. Ẹtù jáde, etu jáde, àpótí ò fò mọ́. Ọjà mẹ́ta péré ló kù, wọ́n ń jáde tí a bá wá wọn, àmọ́ àmì ìsàlẹ̀ orúkọ wọn ò bá tàwọn yòókù mu. Àṣé inú ìwé àtijọ́ kan lọmọ Àlàájà ti da orúkọ wọn kọ, ìlà kékeré ni wọ́n fà sábẹ́ lẹ́tà níbẹ̀, kì í ṣe àmì tóótó. U+0329 nìyẹn, NFC ò sì lè sọ ọ́ di U+0323 láéláé. Ọwọ́ ni mo fi tún wọn kọ nínú sọ́ọ̀bù, lójú Àlàájà.

Bí mo ṣe ń ṣe é, ó gba fóònù, ó ń fi ìka yí ojú ewé lọ sísàlẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó dúró. "Èyí ńkọ́? Kí ló dé tí sányán yìí ò lámì?"

Inú àwòrán ni mo kọ ọ́ sí, lọ́jọ́ tí font ń dà mí láàmú. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Òun ni mò ń tún ṣe lọ́wọ́ báyìí.