Báwo ni mo ṣe lè to fẹ́ńsì bandsaw kí pákó ìrókò lè là dọ́gba?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Nídìí Igi (Iléṣà)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ igi. Ilẹ̀kùn ni mo ń kàn lọ́wọ́ níbí ní Iléṣà, ìrókò sì ni oníbàárà mi yàn. Pákó tí mo rà nípọn ní ínṣì 2, ó fẹ̀ ní ínṣì 8, mo sì fẹ́ là á sí méjì láàárín ìnípọn rẹ̀ kí àwòrán ara igi náà lè bára mu lójú ilẹ̀kùn. Mo to fẹ́ńsì tí pákó ń fara tì lórí bandsaw mi (ẹ̀rọ ayùn tí bíléèdì rẹ̀ gùn bí bẹ́líìtì, tí ó ń yí po lórí wíìlì) kí ó bá kòtò gbọọrọ ojú tábìlì ẹ̀rọ lọ ní déédéé, mo wọ̀n ọ́n níwájú àti lẹ́yìn, kò sì yàtọ̀. Síbẹ̀, bí mo bá ti ń ti pákó lọ, ó ń sún kúrò lára fẹ́ńsì díẹ̀díẹ̀. Èyí tí mo là lánàá nípọn ní ínṣì 7/8 níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ju 5/8 lọ nígbà tí ó fi dé ìparí. Pákó méjì ni mo ti bà jẹ́, ìrókò kì í sì í ṣe igi tí à ń fi ṣòfò. Ṣé fẹ́ńsì ni kò dára ni, àbí ọwọ́ mi?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Àtijọ́ (Ilé-Ifẹ̀)

Àbúrò mi, o kú ìrọ́jú. Bíléèdì ní ọ̀nà tí ó máa ń fẹ́ gbà, ọ̀nà náà kì í sì í fi gbogbo ìgbà bá kòtò ojú tábìlì mu. Wá àlòkù pákó tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 2, tí o ti fi ìfági fá etí rẹ̀ kan kí ó gún régé, kí o sì fi pẹ́ńsùlù fa ìlà kan tí ó bá etí yẹn lọ ní déédéé. Yọ fẹ́ńsì kúrò, kí o fi ọwọ́ nìkan darí pákó náà kí bíléèdì lè tẹ̀lé ìlà. Ìwọ fúnra rẹ yóò rí i pé o ní láti yí ìdí pákó sí apá kan kí ó tó lè tẹ̀lé e. Nígbà tí o bá là á dé ìdajì, dá a dúró, pa ẹ̀rọ láìjẹ́ kí pákó yẹ̀, kí o sì fa ìlà sójú tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí tí ó gún náà. Ìlà yẹn ni kí o to fẹ́ńsì sí. Ìgbàkígbà tí o bá pààrọ̀ bíléèdì ni kí o tún un ṣe.

Má ṣe gbàgbé gíga fẹ́ńsì. Èyí tí kò ga ju ínṣì 3 lọ kò lè gbé pákó tí ó dúró ní ínṣì 8 ró. So pákó títọ́ tí ó ga tó ínṣì 6 mọ́ ọn lójú, kí o sì rí i dájú pé ó dúró ṣánṣán lórí tábìlì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìnípọn òkè pákó àti ti ìsàlẹ̀ kò ní dọ́gba.

Atún-ẹ̀rọ-ṣe (Ìlárè, Ilé-Ifẹ̀)

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá wa tí wọ́n sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ ṣiṣẹ́, èmi náà ti lò ó rí. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, yíyí fẹ́ńsì ni ó yẹ kí ó gbẹ̀yìn, nítorí pé bí a bá yí i kí a tó mọ ohun tí ń fa bíléèdì, àìsàn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ pa iná ẹ̀rọ, ẹ fi ọwọ́ yí wíìlì òkè, kí ẹ wo ibi tí bíléèdì jókòó sí. Ojú rọ́bà wíìlì máa ń ga díẹ̀ láàárín, nítorí náà bí bíléèdì bá sún jù síwájú tàbí sẹ́yìn, yóò dúró ní wíwọ́. Ẹ gbé e sáàárín.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo eyín rẹ̀ dáadáa, pàápàá nítorí pé ìrókò ni ẹ ń là. Ìrókò máa ń ní òkúta nínú, ohun funfun líle bí ẹfun, igi tí ó yí i ká a sì máa dúdú ju ìyókù lọ. Bí eyín apá kan bá gbá a, apá yẹn á kú, bíléèdì á sì máa fà sí apá tí ó ṣì mú. Kò sí fẹ́ńsì tí ó lè wo èyí sàn.

Bí ó bá jẹ́ pé àárín pákó ni ó ń yọ ikùn, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: a kò fa bíléèdì le tó, tàbí eyín rẹ̀ pọ̀ jù tí lẹ́búlẹ́bú fi ń dí i. Eyín 3 nínú ínṣì kan ni mo fi ń la irú pákó fífẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má sì kánjú tì í. Ẹ bo imú yín o, lẹ́búlẹ́bú ìrókò máa ń ta ọ̀fun.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Nídìí Igi (Iléṣà)

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ òkúta náà: eyín ìhà fẹ́ńsì ṣì mú, ti ìhà kejì ti kú pátápátá, mo sì rántí pé mo gbọ́ ariwo kan nígbà tí mo ń la pákó àkọ́kọ́. Mo ti fi bíléèdì tuntun sí i, mo gbé e sáàárín wíìlì, mo sì fi àlòkù igi ọ̀mọ̀ dán ìlà pẹ́ńsùlù náà wò. Ó ṣì yà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì to fẹ́ńsì sí. Ìrókò tí mo là láàárọ̀ yìí nípọn bákan náà láti orí dé ìdí. Mo ti fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín àwọn méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá, n kò sì ní fá wọn títí inú wọn yóò fi gbẹ.