São Tomé: òkè ni ká kọ́kọ́ gùn ni, àbí òkun ni ká kọ́kọ́ wọ̀?

Àǹtí Lugbe:
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Àwa kan tí a jọ máa ń lúwẹ̀ẹ́ ní Sátidé ní púùlù òtẹ́ẹ̀lì kan ní Wuse ti ń dá owó jọ láti ọdún tó kọjá. São Tomé, erékùṣù tó wà nínú òkun lápá ìwọ̀-oòrùn Gabon, la fẹ́ lọ lóṣù Keje, ká lọ fi sìlíńdà afẹ́fẹ́ mòòkùn, ká fojú ara wa rí ohun tó wà nísàlẹ̀ òkun. Àwọn méjì nínú wa ti gba ìwé ẹ̀rí scuba nígbà tí wọ́n ń gbé ní Dubai. Àwa yòókù, púùlù la mọ̀.

Bọ̀dá tó ń ṣètò ìrìn-àjò yìí ní bí a bá ti ń débẹ̀ ni ká máa mòòkùn lójoojúmọ́, ní Lagoa Azul lápá àríwá, lẹ́yìn náà ní Ilhéu das Rolas, erékùṣù kékeré tó wà ní gúúsù, níbi tí ìlà agbedeméjì ayé gbà kọjá. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ ká padà sílé la óò wá gun Pico de São Tomé, ká sọ̀ kalẹ̀, ká wọ bàálù. Ó ní bí a bá kọ́kọ́ gun òkè, ẹsẹ̀ á ro wá débi tí a ò ní lè lúwẹ̀ẹ́ dáadáa. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ nọ́ọ̀sì kan láàárín wa fàáké kọ́rí pé òun ò bá wa lọ bí a ò bá yí ètò yẹn padà. Kò rí i ṣàlàyé yé wa, àfi "afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀". Wọ́n ti ń pè é ní ojo lórí WhatsApp.

Ọkọ mi náà ń lọ o. Kò mọ̀wẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ó ti ra ìgò tí wọ́n fi ń wo abẹ́ omi. Ẹ gbà mí.

Ọmọ Ìlàjẹ ní Kubwa:
Àǹtí wa, ẹ kú ètò. Ẹ bá mi kí nọ́ọ̀sì yẹn, òun nìkan ló ríran nínú gbogbo yín. Ayétòrò ni wọ́n bí mi sí, létí òkun gan-an, iṣẹ́ abẹ́ omi ni mo sì fi jẹun lọ́dọ̀ àwọn tó ń wa epo, kí n tó wá fẹ̀yìn tì sí Kubwa níbi tí omi ẹ̀rọ pàápàá ti ń ṣe ségesège. Ẹ jẹ́ kí n bá a ṣàlàyé.

Afẹ́fẹ́ lásán tí gbogbo wa ń mí ni wọ́n ń fún mọ́ inú sìlíńdà, ẹ má dá ẹni tó bá pè é ní ọ́síjìn lóhùn. Bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ naitirójìn. Lórí ilẹ̀, kò ṣe wá ní nǹkan kan. Ní mítà 10 nísàlẹ̀ omi, ohun tó ń tẹ ara ti di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀. Ní mítà 20, ìlọ́po mẹ́ta. Títẹ̀ yẹn ló ń ti naitirójìn wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Bẹ́ ẹ bá rọra gòkè, ẹ ó máa mí i jáde díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sáré gòkè, ó di ìgò mínírà tí wọ́n mì kí wọ́n tó ṣí i. Oríkèé ara á máa ro èèyàn, ara ẹlòmíràn á máa yún un, tó bá le, ẹsẹ̀ á kọ̀ láti gbé e.

Ibi tẹ́ ẹ ti gbàgbé rèé: kì í ṣe ojú omi ni gígòkè parí sí. Naitirójìn yẹn á ṣì wà lára fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Pico ga tó 2,024 mítà. Inú bàálù tó ń fò, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í fúyẹ́ ju ti orí òkè tó ga tó nǹkan bí 2,400 mítà lọ. Ẹni tó bá ti inú òkun bọ́ sórí Pico, bàálù ló fẹsẹ̀ wọ̀ yẹn, nínú igbó, tí dókítà ò sí nítòsí. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ tún fẹ́ wá wọ bàálù gidi!

DAN, àwọn tó ń rí sí ààbò àwọn amòòkùn kárí ayé, ní kí ẹni tó mòòkùn ẹ̀ẹ̀kan sinmi fún wákàtí 12 ó kéré tán kó tó wọ bàálù. Ẹni tó ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà, wákàtí 18. Èmi máa ń ní kó pé 24, torí mi ò tíì rí ẹni tí ìsinmi pa. Nítorí náà, òkè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gùn. Lẹ́yìn náà, òkun. Lẹ́yìn òkun, odindi ọjọ́ kan lórí iyanrìn pẹ̀lú ẹja yíyan. Kí àwọn tó pe nọ́ọ̀sì ní ojo lọ bẹ̀ ẹ́.

Ní ti ọkọ yín: kò lè gba ìwé ẹ̀rí bí kò bá lè lúwẹ̀ẹ́ 200 mítà láìdúró, kó sì léfòó fún ìṣẹ́jú 10. Ètò ìtọ́wò wà fún ẹni tí kò gbàwé, níbi tí olùkọ́ á ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọn ò sì ní kọjá mítà 12. Síbẹ̀, ẹ máa mú un dání lọ sí Wuse ní Sátidé. Kí ẹ̀yin òmùwẹ̀ púùlù náà gbọ́: ẹ kì í sé èémí. Mímọ̀ ọ́n sé ni ẹ̀ ń yangàn lé lórí ní púùlù, òun gan-an ló lè bẹ́ ẹ̀dọ̀fóró nígbà tẹ́ ẹ bá ń gòkè pẹ̀lú afẹ́fẹ́ sìlíńdà, torí ńṣe ni afẹ́fẹ́ yẹn á máa wú.

Ọ̀gá Minna:
Usuma Dam wà ní Bwari níbẹ̀ yẹn o. Kí lẹ sọ nù sínú òkun ará ibòmíràn?

Ìyá Oníkòkó:
Ẹ má dá Ọ̀gá Minna lóhùn. Òwò kòkó ló gbé mi dé São Tomé. Oṣù Keje dára, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn nìyẹn, Gravana ni wọ́n ń pè é. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ orí òkè ni odò ń wọ́ lọ sínú òkun, ẹ ò ní rí ọwọ́ ara yín.

Pico yẹn, tèmi ni pé kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó bá gùn ún sábà máa ń sùn sórí rẹ̀ mọ́jú, gbòǹgbò igi àti ẹrẹ̀ ló kún ojú ọ̀nà. Ẹ wakọ̀ lọ sí gúúsù kẹ́ ẹ lọ wo Pico Cão Grande, òkúta kan ṣoṣo tó dá dúró ṣánṣán láàárín igbó, tó ga ju 300 mítà lọ láti ilẹ̀ tó wà. Ọ̀fẹ́ ni wíwò.

Ẹ má gbàgbé yẹ́lò káàdì. Yúrò ni kẹ́ ẹ kó dání, ẹ ó ṣẹ́ ẹ sí dobra níbẹ̀. Potogí ni wọ́n ń sọ, gẹ̀ẹ́sì yín ò ní jìnnà. Ibà sì wà níbẹ̀ bíi tilé.

Àǹtí Lugbe:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Bọ̀dá ti ka gbogbo rẹ̀, wọ́n ti bẹ nọ́ọ̀sì. Bọ̀dá wá ní ká fagi lé Pico, àmọ́ ká fi mọ́tò lọ wo ọgbà òdòdó Bom Sucesso ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a bá mòòkùn. Ìyẹn ńkọ́? Ásímà sì máa ń ṣe ọmọbìnrin kan nínú wa.

Ọmọ Ìlàjẹ ní Kubwa:
Bọ̀dá yìí le o! Bom Sucesso ju 1,000 mítà lọ, díẹ̀ ló kù kó ga tó Jos. Naitirójìn ò mọ̀ bóyá mọ́tò lẹ gùn tàbí ẹsẹ̀ lẹ fi rìn. Ẹ lọ síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó fara kan òkun.

Fọ́ọ̀mù kan tó ń béèrè nípa ìlera yín wà tí wọ́n máa fún yín kó tó di pé ẹ wọ omi. Ẹ má kàn fi "rárá" kún gbogbo rẹ̀. Kí ọmọ yẹn lọ rí dókítà ní Abuja níhìn-ín, kí ó gbàwé dání, bákan náà ni ẹnikẹ́ni tó bá ní fòníkú-fọ̀ladìde. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo oògùn ìdènà ibà, ẹ sọ fún dókítà pé abẹ́ omi lẹ̀ ń lọ, torí mefloquine, ọ̀kan nínú wọn, máa ń mú kí òòyì kọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí ọ̀fìnkìn bá dì nímú láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó jókòó sínú ọkọ̀, etí rẹ̀ ò ní ṣí nísàlẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ bi àwọn tó máa mú yín wọ omi léèrè ibi tí wọ́n máa gbé ẹni tí naitirójìn bá dà láàmú lọ, àti ẹni tó máa san owó bàálù rẹ̀. Bí wọ́n bá ń wolẹ̀, ẹ wá òmíràn.