Báwo ni kí n ṣe kéde gàrí inú ọ̀rá fún àwọn oníbàárà mi?

Ẹ kú ọjà o. Gàrí ni mò ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde, kóńgò la sì fi ń wọ̀n ọ́n. Mo wá fẹ́ gbé ti inú ọ̀rá jáde: gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, tó rí wínníwínní, kílò kọ̀ọ̀kan, tí a fi iná lẹ̀ lẹ́nu. Àwọn oníbàárà àtijọ́ ló ń kọ mí lóminú. Ìyá kan ti ń bi mí pé èènì ńkọ́!

Ṣé kí n fún wọn tọ́ wò, kí n sì fi tó wọn létí lórí WhatsApp nísinsìnyí, àbí kí n dúró di Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí èrò máa pọ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ṣé ẹ kọ iye owó síbẹ̀?