Èwo ni kí n fi sílẹ̀: géèmù òru ni, àbí ìpàdé Sátidé?

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Iṣẹ́ kóòdù ni mò ń ṣe. Láti ilé ni mo ti ń bá ilé-iṣẹ́ kan kọ ètò ìsanwó orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ti di ọdún kẹfà báyìí. Lẹ́yìn iṣẹ́, ohun méjì ni mo fẹ́ràn. Èkíní ni géèmù, tí mo ti ń gbá láti ìgbà tí a ti máa ń fi owó oúnjẹ ọ̀sán sanwó Winning Eleven, géèmù bọ́ọ̀lù, ní ilé géèmù kan ní Mọ́kọ́lá, tí ẹni tí wọ́n bá nà yóò dìde kí ẹlòmíràn jókòó. Èkejì ni ìpàdé àwọn oníkóòdù. Bí wọ́n bá pè é sí Bódìjà, mo ti débẹ̀. Bí wọ́n bá pè é sí Yaba, n óò wọ ọkọ̀ ojú irin ní Moníyà, n óò sọ̀ ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, n óò sì gba ibẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ti wá di ọ̀rọ̀ ilé. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ìyàwó mi bí àkọ́bí wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ń wá bàtà mi kiri láàárọ̀ Sátidé, ó sọ fún mi láìpariwo pé òun kò ní kí n má gbádùn ara mi, ṣùgbọ́n òun kò lè máa bá nǹkan méjì pín ọkọ. Kí n mú ọ̀kan, kí n fi ọ̀kan sílẹ̀. Kò purọ́ mọ́ mi. Mo máa ń gbá géèmù di aago méjì òru lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, pàápàá bí iná bá wà, nítorí àdúgbò wa kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń fi iná òru ṣòfò.

Kí ẹ tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí géèmù ti kọ́ mi. Àwòrán 60 ni ọ̀pọ̀ géèmù ń yà sójú kọ̀ǹpútà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó fi hàn pé mìlísẹ́kọ́ńdù 16 ó lé díẹ̀ péré ni kóòdù ní láti fi parí iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwòrán kan; bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, agbábọ́ọ̀lù tó ń sáré yóò máa dúró, yóò tún máa fò, bí mọ́tò tí epo fẹ́ tán nínú rẹ̀. Ìgbà tí mo ń ronú lórí èyí ni mo tó mọ ohun tó ń mú ojú-ewé ìsanwó wa lọ́ra: ohun tó yẹ kí á béèrè lọ́wọ́ database, ibi tí à ń kó ìsọfúnni pamọ́ sí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, à ń béèrè rẹ̀ nígbà igba. Mo tún ti ń fi Godot, ohun èlò tí a fi ń kọ géèmù, kọ géèmù ayò ọlọ́pọ́n fún fóònù. Mo fi hàn níbi ìpàdé kan ní Ìbàdàn níbí lóṣù tó kọjá, wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn kan sì ní kí n wá bá àwọn ṣe Global Game Jam ní ìparí oṣù January, èyí tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 2009, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń fi wákàtí 48 kọ géèmù kan.

Èwo ni kí n fi sílẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ pé méjèèjì. Mo ti rò ó, kò ṣeé ṣe fún mi.

Ẹ̀gbọ́n Yaba

Àbúrò, fi géèmù òru sílẹ̀, kí o di ìpàdé mú. Iṣẹ́ mẹ́ta tí mo ṣe kẹ́yìn, ibi ìpàdé ni mo ti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ìgbà tí CcHub, ibi ìpàdé àti iṣẹ́ àwọn oníkọ̀ǹpútà, ti ṣílẹ̀kùn ní Yaba lọ́dún 2011 ni mo ti ń wò ó: bí àyè iṣẹ́ bá ṣí, ẹni tó máa ń wá déédéé ni wọ́n ń kọ́kọ́ rántí, kí wọ́n tó ranti ẹni tó mọ̀wé jù ú lọ. Kò sí ẹni tó rí ọ bí o ṣe ń jẹ góòlù ní aago méjì òru.

Ohun kan tún wà tí a kì í rí nílé. Nígbà tí Unity, ilé-iṣẹ́ tó ni ohun èlò mìíràn tí a fi ń kọ géèmù, kéde ní September 2023 pé òun yóò máa gba owó lórí iye ìgbà tí wọ́n bá fi géèmù sórí ẹ̀rọ, ọkàn gbogbo àwa tí a ń lò ó dàrú. Ìpàdé kan ní Sátidé ni a ti jókòó, tí ẹni tó ti gbọ́ Godot díẹ̀ ń fi han ẹni tí kò gbọ́ rárá. Unity fagi lé owó náà lẹ́yìn ọdún kan, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa ti lọ, wọn kò bojú wẹ̀yìn mọ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀gbọ́n Yaba, ẹ má bínú, mo ta ko yín. Mo lọ sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kan. Aago mẹ́wàá ni wọ́n pè wá. Aago méjìlá ku díẹ̀ kí projector tó gbà láti bá laptop ẹni àkọ́kọ́ ṣe, ẹni kejì sì ń ka ohun tó wà lára ògiri sí wa létí bí ẹni ń ka ìkéde òkú lórí rédíò. Mo jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, mo gba sítíkà méjì, mo wọ mọ́tò padà.

Ẹ̀gbọ́n Olùbéèrè, ilé ni kí ẹ wà. Ẹni tó wà nílé tó ń gbá géèmù ṣì wà nílé. Godot kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2014, kò tó mẹ́gábáìtì 200, laptop àtijọ́ sì lè gbé e. Inú ilé ni Eric Barone jókòó sí fún ọdún mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí òun nìkan fi kọ Stardew Valley, àwòrán rẹ̀, orin rẹ̀, kóòdù rẹ̀, tó fi jáde lọ́dún 2016.

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, o sọ ìtàn náà kù. Ní gbogbo ọdún tí ọkùnrin yẹn fi jókòó nílé, obìnrin rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ bùkátà.

Ìwọ Olùbéèrè, èmi náà wà nínú iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wá àṣìṣe sínú ohun tí àwọn ẹlòmíràn bá kọ, nítorí náà jẹ́ kí n wo tìrẹ wò. O kọ ọ̀rọ̀ tó gùn, o sọ fún wa nípa mìlísẹ́kọ́ńdù, o sọ fún wa nípa iná àdúgbò yín, ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo ni o fi dárúkọ ọmọ. Ọmọ oṣù mẹ́ta máa ń jí ní aago méjì òru. Ìwọ náà wà lójúfò ní aago méjì òru. Ta ni ó ń gbé e?

Bí ìdáhùn rẹ bá jẹ́ pé ìwọ ni, a ṣì lè sọ̀rọ̀ géèmù. Bí kì í bá ṣe ìwọ, lọ bi ìyàwó rẹ léèrè ohun tó fẹ́, kí o má ṣe bi wá.

Nọ́ọ̀sì, Òṣogbo

Gbólóhùn rẹ tó sọ pé “kò ṣeé ṣe fún mi” ló mú mi kọ èyí. Àìsàn géèmù wà nínú ICD-11, ìwé àkójọ àìsàn ti Àjọ Ìlera Àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2022. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé ẹni náà kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́, pé géèmù ti wà ṣáájú ohun gbogbo yòókù, àti pé kò dáwọ́ dúró bí ó tilẹ̀ rí i pé ó ń pa òun lára. Ó sì sábà máa ń tó oṣù 12 kí wọ́n tó lè pè é bẹ́ẹ̀. N kò sọ pé ó ń ṣe ọ́. Fi géèmù sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí o wo bí ara rẹ yóò ti rí.

Ará Ìjẹ̀bú, Amsterdam

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan nítorí ayò tí ẹ dárúkọ yẹn. Ní yunifásítì kan nílùú tí mo ń gbé yìí, Vrije Universiteit, ni John Romein àti Henri Bal ti fi ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n so pọ̀ yanjú awari lọ́dún 2002, awari tó jẹ́ ẹbí ayò wa gan-an, ihò 12, ọmọ 48. Wọ́n wo ipò tí àwọn ọmọ náà lè wà lójú opọ́n, tó lé ní bílíọ̀nù 889, wọ́n sì rí i pé bí àwọn méjèèjì kò bá ṣi ayò ta rárá, ọ̀mì ni wọn yóò ta.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyí: àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún ọ lè má mọ ayò. Gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta á.

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyá Ìbejì, ojú tì mí. Ìyàwó mi ni.

Mo bi í bí ẹ ti ní kí n ṣe, mo sì ti múra láti gbé kọntírólà sínú àpótí. Ó ní òun kò bínú sí géèmù òru. Ohun tó ń dun òun ni pé bí ọmọ bá ké, etí mi a ti dí sí ohun tí mo fi bò ó. Ọjọ́ Sátidé gan-an ni ìjà, nítorí ọjọ́ náà nìkan ni òun lè fi sùn tàbí kí òun jáde, ọjọ́ náà gan-an ni èmi sì ń wọ ọkọ̀ ojú irin. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń kọ̀wé sí yín, n kò mọ èyí. A ti jọ fẹnu kò pé Yaba di ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta, àti pé èmi ni n óò máa gbé ọmọ tó bá jí lóru. Etí kan ni mo ń fi ohun gbígbọ́ sí báyìí. Nọ́ọ̀sì, ọjọ́ kẹrin nìyí tí n kò gbá nǹkan kan. Ó ń yún mi lọ́wọ́, n kò ní purọ́.

Ará Ìjẹ̀bú, mo gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ bàbá mi lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n bá a ta ayò fún bí ogún ìṣẹ́jú láìsọ̀rọ̀, wọ́n wá ní, “Ọmọ ayò kan ti sọnù.” Mo ní kò lè ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kí n kà á. Mo ka èyí tó wà nínú ihò, mo ka èyí tí a ti jẹ, 47 ni. Láti òdo ni kọ̀ǹpútà ti ń ka nǹkan, nítorí náà òdo títí dé 11 ni ihò méjìlá. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ayò bá tó 12 nínú ihò tó kẹ́yìn, kóòdù mi yóò fo ihò náà bí ó ti yẹ, yóò sì sọ ọmọ kan sínú ihò tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 12, tí kò sí lójú opọ́n, dípò kí ó padà sí òdo. Gbogbo oníkóòdù tó wà níbi ìpàdé ọjọ́ náà ló wò ó, ẹnì kan kò ka ọmọ ayò.

Mo ti tún un ṣe. Ó ku ti January: àwọn ẹgbẹ́ mi ti gbà kí a ṣe Game Jam náà ní Ìbàdàn dípò Èkó, ìyàwó mi sì ní òun lè gbé ọmọ wá wò wá lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá mọ gbọ̀ngàn kan ní agbègbè Bódìjà tàbí Sángo tó ní inverter tó lè gbé laptop mẹ́fà di ilẹ̀ mọ́, tí kò sì ní gba owó gegele, kí ó jọ̀wọ́ sọ fún mi.